Onímẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ kan ní Ìjigbò, Adó-Èkìtì

Bí "I-pass-my-neighbour" yín bá ń fi okùn fà yín lápá lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yìí. Ibòmíràn ni wọ́n ti pààrọ̀ písítìnnì àti ríìngì tèmi. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ló kù. Mo ra tuntun, iná ń ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ pàbó ni. Bó bá jàjà ṣiṣẹ́, á ké fíìì bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, á sì kú.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, púlọ́ọ̀gì ò ṣẹ̀ yín." Ó fọ kabúrétọ̀, kò yí padà. Ló bá dí ojú ihò gbogbo, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú, ó ta omi ọṣẹ sí i. Fófò yọ nídìí kiránkì, irin tí písítìnnì ń yí! Síìlì àtijọ́, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jò, ni wọ́n dá padà síbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ilé kiránkì ni epo ń gbà dé òkè. Bí atẹ́gùn bá ń jò wọbẹ̀, epo ò ní tó o jó. Síìlì méjèèjì ló pààrọ̀.

Owó rẹ̀ ò pọ́ọ́kú o, orí táyà lẹ ó sì jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kéèyàn wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.