Ìgbòkun Dacron àbí ti kábọ́ọ̀nù?

Dacron jẹ́ aṣọ poliẹ́sítà tí a hun, tí wọ́n fi ń ṣe ìgbòkun, ìyẹn aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti mú ọkọ̀ ojú omi rìn. Owó rẹ̀ kéré, abẹ́rẹ́ àti òwú sì tó tún un ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fà: bó bá ti gbó, ikùn rẹ̀ (ibi tó máa ń wú nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ) á jìn, á sún sẹ́yìn, ọkọ̀ á wá máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó sáré.

Ti kábọ́ọ̀nù wọ́n gan-an. Fọ́nrán tín-ín-rín ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀nà tí agbára ń gbà, tí wọ́n fi ọ̀rá oníke bò. Ó fúyẹ́, kì í tètè fà. Ṣùgbọ́n má ṣe ṣẹ́ ẹ po o! Bí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ léraléra, tàbí tí atẹ́gùn ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, fọ́nrán á kán, ìpele á ṣí, ọ̀rinrin á wọ àárín wọn. Ṣe ni kó o ká a bí ẹní.

Bó bá jẹ́ ìdíje lò ń bá kiri, kábọ́ọ̀nù tó owó rẹ̀. Fún ìrìn-àjò jíjìn, níbi tí kò sí aránṣọ ìgbòkun nítòsí, Dacron ni.