Eré àkọ́sórí tàbí eré ìdádúró: èwo ló ń dín ìfòòró kù ní kíláàsì?

Eré àkọ́sórí ló rọrùn jù fún olùkọ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin: ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ há a sórí, òbí wá wòran. Ó dára fún ọmọ onítìjú, àmọ́ ìjà inú eré náà kì í ṣe ti àwọn ọmọ fúnra wọn.

Eré ìdádúró, tí òǹwòran lè dá dúró kó sì yí i padà, la fara mọ́ fún ọmọ CM1 (ọdún karùn-ún ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Ọmọ 4 á ṣeré ìṣẹ́jú 3: wọ́n ń fi ọmọ tuntun ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí kànga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì dákẹ́. Wọ́n á tún un ṣe, òǹwòran tó bá rí àtúnṣe á pariwo "Ẹ dúró!", á gba ipò ọ̀rẹ́ tó dákẹ́ náà, á dán ọgbọ́n tirẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kó gba ipò afòòró: bó bá kàn sọ ọ́ di ọmọ rere lójijì, kò sẹ́ni tó rí ohun kọ́. Ẹ má sì fi ọmọ tí wọ́n ń fòòró lóòótọ́ ṣe ẹni ìyà, torí ìtìjú rẹ̀ á di méjì.