Kálípà ni àbí MRI? Ohun tó yẹ kí ẹ rà láti fi wọn ọpọlọ ẹṣin

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹṣin tó ti kú lẹ fẹ́ wọ̀n àbí èyí tó ṣì wà láàyè. Ibẹ̀ ni ọjà yìí ti pín sí méjì.

Tó bá ti kú, òṣùwọ̀n, kálípà (irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń wọn gígùn àti fífẹ̀ nǹkan) àti fọ́málìn (oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) ti tó. Ọpọlọ ẹṣin tó ti dàgbà máa ń tó bíi 600 gíráàmù, torí náà òṣùwọ̀n tó ń gbé kìlógíráàmù kan, tó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, á ṣe iṣẹ́ náà. Kálípà oní-díjítà tó ń ka 0.01 mílímítà máa ń wọ èèyàn lójú, àmọ́ èmi ò ní fowó kún owó nítorí ẹ̀. Ọpọlọ tútù rọ̀ gan-an. Ẹ gbé e sórí àwo, ẹ ó rí i bó ṣe ń tẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń fẹ̀ sí i, tí gíga rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹnu kálípà á tẹ̀ wọnú ẹ̀ ni. Èyí tó ń ka 0.1 ti pọ̀ tó.

Fọ́málìn ni kí ẹ náwó lé. Ó yẹ kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ọpọlọ náà, ìyẹn nǹkan bíi lítà 6, torí náà ẹ ra ike oníderí tó gba lítà 10. Ẹ ki òwú bọ abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kí ẹ fi gbé e kọ́ kó doríkodò, kó má baà fara ti ìsàlẹ̀ ike. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á ti le tó láti gé. Ẹ wọ̀n ọ́n kó tó wọnú fọ́málìn, torí oògùn náà máa ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Èéfín rẹ̀ lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti ń wọlé dáadáa.

Ti ẹṣin tó wà láàyè ńkọ́? CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, yá, àwọn kan tiẹ̀ wà tí ẹṣin lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí orí nìkan wọ inú ẹ̀rọ. Àmọ́ eegun ló ń fi hàn jù. Tẹ́ ẹ bá fi wọn inú agbárí, awọ àti omi tó yí ọpọlọ ká ti wọnú iye yẹn. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló ń fi apá ọpọlọ tó ní àwọ̀ eérú hàn yàtọ̀ sí apá tó funfun. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kun ẹṣin lóorun, kí ẹ sì bọ́ bàtà irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹran tó tó 500 kìlógíráàmù lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú àtidìde. Mi ò ní kun ẹṣin tí ara rẹ̀ dá lóorun torí ìwọ̀n lásán.

Ẹ má ra MRI. Ẹ sanwó wákàtí díẹ̀ nílé ìwòsàn ẹranko. Ẹ gbé orí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wọ inú ẹ̀rọ MRI ibẹ̀ kí ẹ tó la agbárí, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọpọlọ ọ̀hún sórí òṣùwọ̀n. Ẹ ó mọ ibi tí àwòrán ti yàtọ̀ sí ọpọlọ gan-an.