Shetland ni àbí Welsh Section A? Ẹṣin kékeré fún ọmọ yín

Òbí tó bá wá ẹṣin kékeré fún ọmọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í pẹ́ kan ìran méjì yìí. Shetland kì í ju sẹ̀ǹtímítà 107 lọ ní gíga, Section A, ìpín tó kéré jù nínú ẹṣin Wales, kì í ju 122 lọ. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ló yẹ kí ẹ fi yàn. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sin wọ́n ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi Shetland bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1842 lé obìnrin àti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 kúrò nínú ihò èédú, àwọn oníhò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹṣin tó lè gba ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 1870, Marquess of Londonderry, ìjòyè kan tó ni ihò èédú, gba ilẹ̀ ní Bressay àti Noss ní àwọn erékùṣù Shetland láti máa mú irú rẹ̀ bímọ: kó wúwo, kó sì súnmọ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Shetland fi ki lẹ́sẹ̀, tó sì fẹ̀ láyà. Section A ní tirẹ̀, orí òkè Wales ló ti wá, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1901. Akọ ẹṣin funfun kan, Dyoll Starlight, tí wọ́n bí lọ́dún 1894, ló bí púpọ̀ nínú àwọn funfun tí ẹ ń rí lónìí.

Ẹ̀yìn Shetland rí roboto bí àgbá. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gàárì á yọ̀ lọ sọ́rùn, àfi tí ẹ bá fi awọ tó ń kọjá lábẹ́ ìrù dè é. Èjìká Section A yọ sókè díẹ̀, gàárì sì ń dúró níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù: ọmọ àti gàárì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ara ẹṣin. Ẹṣin kílò 180, kílò 36 ni òpin tirẹ̀.

Wọ́n ní Shetland lágídí. Ká sọ òótọ́, àgbàlagbà kò lè gùn ún láti tún un kọ́, ìwà burúkú tí ọmọ bá fi kọ́ ọ a sì wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọmọ ẹni tó ń tà á gùn ún kúrò ní ilé ẹṣin, kí ó má bá ẹṣin mìíràn rìn.

Koríko tútù ló ń ba méjèèjì jẹ́ jù. Ṣúgà inú rẹ̀ ń fa laminitis, àìsàn tó ń wú inú pátákò. Ẹ fọwọ́ tẹ òkè ọrùn rẹ̀: bí ọ̀rá ibẹ̀ bá le gbagidi, ó ti sanra jù. Ẹ wo àwọn ìlà ara pátákò: bí àlàfo wọn bá fẹ̀ ní gìgísẹ̀ ju iwájú lọ, àìsàn náà ti mú un rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa á kó lè fọn. Bí oúnjẹ Shetland bá dín kù lójijì, ọ̀rá ara rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹṣin kílò 200 nílò bíi kílò 3.5 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ṣúgà lè jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje tí ẹnìkan ń fi okùn fa ẹṣin rẹ̀, Shetland la máa rà fún un. Èyí tó fẹ́ sáré, tó fẹ́ fo igi, Section A ni. Bí ó bá jẹ́ funfun tó ti lé lọ́dún 15, ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè wo kókó dúdú lábẹ́ rẹ̀: irú jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ lára ẹṣin funfun.