Ilẹ̀ pákó wa ti dára, ṣùgbọ́n kòtò ẹnu ọ̀nà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi

Àárọ̀ yìí ni mo tún fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ kòtò náà, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ tí a pè wá tún ilẹ̀ ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa, tí wọ́n tún ká èyí tó jẹ́ onírọ́bà nísàlẹ̀ rẹ̀, pákó líle la bá níbẹ̀, ìlà ara igi ń hàn lábẹ́ eruku. Orí mi wú. Ọmọṣẹ́ kan ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha pákó lé gọ́ọ̀mù dúdú tó kù lójú pákó, ni ọ̀gá wọn bá pariwo mọ́ ọn. Ó ní gọ́ọ̀mù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àfi kí wọ́n mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò ná. Iṣẹ́ dúró títí èsì fi dé pé kò sí i níbẹ̀. Mo kí i dáadáa fún ìyẹn.

Ọjọ́ tí ọ̀gá kò wá ni wàhálà dé. Ọmọṣẹ́ yẹn ń ti ẹ̀rọ tí sáńpépà yí rólà rẹ̀ ká lọ, fóònù rẹ̀ dún, ó dúró wò ó, kò gbé rólà sókè. Kí n tó pariwo, ó ti jẹ pákó wọnú. Mo fi ọwọ́ ra á, ó jìn wọnú bí inú ṣíbí.

"Àbúrò, kí lèyí?"

"Màmá, ẹ ṣáà fi rọ́ọ̀gì bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Rọ́ọ̀gì! Èmi tí mo sanwó kí wọ́n lè ká èyí tó bo pákó kúrò! Mo ní kí gbogbo wọn máa lọ.

Ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣe àwíjàre kankan. "Ẹ má bínú, mà, àwa la jẹ̀bi." Ó pa iná, ó fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ibi tí kò tẹ́jú sì yọ òjìji. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi irin pẹlẹbẹ ha àyíká kòtò náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á wò, títí etí rẹ̀ fi rọ̀. Ó ní bí òun bá ha á jù bẹ́ẹ̀, orí ìṣó máa yọ síta. Lẹ́yìn náà ló kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì kánjú; ọ̀kan gbẹ kó tó kun òmíràn.

Ilẹ̀ náà ń dán báyìí, mo lè dúró máa wò ó ṣáá. Bí a bá dé orí yàrá, ọ̀gá yẹn ni màá tún pè, bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa di ẹ̀rọ mú.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5.