Pontoon onífírémù àti aláìnífírémù: èwo ni kí apẹja rà?

Àbúrò mi kan tí a jọ ń gbé Houston pè mí lóṣù tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, pontoon wo ni kí n rà, èyí tó nírin àbí èyí tí kò nírin?" Mo bi í pé àjà kelòó ló ń gbé. Ó rò pé mi ò gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ni. Àjà kẹta ló ń gbé, kò sì sí lífítì níbẹ̀. Mo ní, "Èyí tí kò nírin ni kí o rà, jàre."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ni, rọ́bà gígùn méjì tí a fẹ́ atẹ́gùn sí ló gbé e léfòó. Ìjókòó wà láàárín, àjẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ apẹja wà níwájú. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Nínú onífírémù, ọ̀pá irin tàbí alumíníọ̀mù ló so rọ́bà méjèèjì pọ̀, orí irin yẹn ni ìjókòó, àjẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ àti ibi ẹrù gbé jókòó. Aláìnífírémù ò ní irin kankan. Rọ́bà náà ni egungun ara rẹ̀, atẹ́gùn tó le nínú rẹ̀ ló mú un dúró, ara rọ́bà yẹn náà ni wọ́n sì lẹ ibi tí àjẹ̀ ń gbé lé mọ́. Colorado XT ti Classic Accessories jẹ́ onífírémù. Water Master, tí ilé iṣẹ́ kan ní Montana ń tà, wà lára èkejì.

Gbígbé rẹ̀ délé, gbígbé rẹ̀ dódò

Ẹrù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹja kò mọ èwo lẹ jókòó sí. Onífírémù onírin lásán a máa wúwo tó 70 sí 80 pọ́n-ùn, kí ẹ tó ka ìdákọ̀ró àti kúlà mọ́ ọn. Ẹ lè tú u sí wẹ́wẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin kì í ká. Ó wọ Corolla mi, bí mo bá ti tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, kò sì sí àyè fún ẹlòmíì mọ́. Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ ó tún un tò: ọ̀pá sínú ọ̀pá, bóòtù, ìdè, bẹ́líìtì. Ogójì ìṣẹ́jú ni èmi máa ń lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, létí odò Guadalupe, ìka mi ti kú nítorí òtútù, ni ìdè kékeré kan bá bọ́ sínú koríko. Ìdè yẹn ló di ọ̀pá ìtẹ̀sẹ̀ mú. Mo wá a títí oòrùn fi yọ, mi ò rí i. Okùn bàtà mi ni mo tú tí mo fi so ó, ẹsẹ̀ kan bàtà mi sì ṣí sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìdè mẹ́rin tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àti sípánà kan kì í kúrò nínú àpò mi. Ẹ̀yin náà ẹ ra tiyín kún un lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọkọ̀.

Ti aláìnífírémù rọrùn. Ẹ ká a bí ẹní, ẹ gbé e sínú àpò ẹ̀yìn, 40 sí 50 pọ́n-ùn, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ. Létí odò, pọ́ǹpù nìkan ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Títukọ̀

Níbi títukọ̀, onífírémù ló dá èkejì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fa àjẹ̀, agbára yín gba ara irin kan náà lọ sí rọ́bà méjèèjì, ọkọ̀ á ṣí gbọ̀ọ̀rọ̀. Lára aláìnífírémù, ibi tí àjẹ̀ gbé lé máa ń mì, rọ́bà á sì jẹ nínú agbára náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ atẹ́gùn sí i kó le dáadáa, á máa tukọ̀ bí ẹni ń gún iyán lórí tìmùtìmù. Omi tútù tún máa ń mú kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sún kì. Nítorí náà, ẹ gbé e sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì tún fi pọ́ǹpù kún un. Bí oòrùn Texas bá wá mú, ẹ tú díẹ̀ dànù kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ lọ jẹun, torí ooru lè mú un wú títí ojú ìlẹ̀ rẹ̀ á fi ya.

Ní adágún ńlá bíi Lake Conroe, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán lè kọjú sí yín láti ibi tí ẹ wà títí dé ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn aláìnífírémù. Mo ti fi tukọ̀ padà níbẹ̀ rí. Apá mi kò gbé síbí jíjẹ ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí Guadalupe, nísàlẹ̀ dáàmù Canyon. Láti ìsàlẹ̀ adágún ni omi ibẹ̀ ti ń jáde, ó tutù, ìyẹn ni trout, ẹja tó fẹ́ràn omi tútù, fi ń rí ibẹ̀ gbé ní gúúsù jíjìn báyìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ a máa kó wọn sínú rẹ̀ nígbà òtútù. Àpáta pọ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò igi náà pọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo iye omi tó ń ṣàn ní Sattler, nísàlẹ̀ dáàmù náà, lórí ìkànnì USGS, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wọn omi odò. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 80 sí 100 cfs (ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́ta omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin púpọ̀ nínú ìrìn yẹn. Ìtẹ̀sẹ̀ onírin tó yọ síwájú á máa kọ́ àpáta, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó gbé e, ẹ ó tún gùn ún. Nínú irú Water Master tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ kàn dìde dúró, ọkọ̀ yí yín ká, ẹ rìn kọjá, ẹ tún jókòó. Ẹ wọ bàtà onílẹbẹ, ẹsẹ̀ yín á mú ọkọ̀ dúró sójú kan, ọwọ́ yín méjèèjì á ráyè fún ọ̀pá ìwọ̀.

Ìjókòó àti ẹ́ńjìnnì

Ìjókòó onífírémù ga. Ẹ ó rí ẹja, ìwọ̀ yín á jìnnà, ìdí yín á gbẹ. Afẹ́fẹ́ náà á sì rí yín gbá. Ti aláìnífírémù sún mọ́ omi, ìdí yín á mọ̀ pé February la wà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sí i, kó ra onífírémù, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní Texas, ọkọ̀ tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì, bó jẹ́ oníbátìrì, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀; èyí tí àjẹ̀ nìkan ń wà bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ ka bátìrì náà mọ́ ẹrù. 400 pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sára Colorado XT, ẹ̀yin fúnra yín, bátìrì, kúlà àti ẹja tí ẹ ò tíì pa ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́.

Páǹṣà, owó, àti ẹni tó fẹ́ gbé e lọ ilé

Ọ̀pọ̀ onífírémù olówó pọ́ọ́kú dà bíi bọ́ọ̀lù aláwọ tó ní bíládà nínú: bó bá lu, ẹ yọ bíládà, ẹ lẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìnífírémù tó dáa kì í ní bíládà, PVC tó nípọn lásán ni, kò tètè lu, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù PVC ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù fọganáísà kò ní mú un. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ bi wọ́n pé yàrá atẹ́gùn mélòó ló wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí bí ọ̀kan bá tú lójú omi, ìyókù ló máa gbé yín dé èbúté.

Onífírémù onírin ẹ ó rí rà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là. Aláìnífírémù tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sábà máa ń ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Bí ẹ bá ń gbèrò láti gbé e lọ sí ọ̀sà Èkó tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹrù 23 kílò tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà ti dá ẹjọ́ náà: aláìnífírémù ló lè wọ̀ ọ́. Ẹ kàn ṣọ́ra fún igi tí àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí i. Àwọn tó ni ọkọ̀ igi kì í bẹ̀rù rẹ̀. Rọ́bà gbọ́dọ̀ bẹ̀rù rẹ̀.

Mo ní méjèèjì báyìí, inú ìyàwó mi kò sì dùn sí i. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, aláìnífírémù ni máa mú, nítorí odò ni mo fẹ́ràn ju adágún lọ.

Àbúrò mi ti ra tirẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó fẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́jú kí ọjọ́ tí wọ́n fi lè gbà á padà tó kọjá, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó fẹ́ ẹ nínú pálọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, kò jò o, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu ọ̀nà jáde." Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní sọ̀kalẹ̀.