Ẹran tí ọta bà tó sá wọgbó: ajá ni, àbí ojú ọdẹ?

Àwọn ọdẹ tuntun kì í yéé béèrè: bí ọta bá ba ọ̀yà tàbí àparò, tó sì sá wọ eèsún, ṣé ká tú ajá sí i ni, àbí ká fúnra wa tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ajá ń jẹun lójoojúmọ́, à báà ròde à báà má rò. Ó tún ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ojú ọdẹ kò béèrè ju tọ́ọ̀ṣì àti àdá lọ.

Àmọ́ àparò tí apá rẹ̀ ṣẹ́ máa ń fẹsẹ̀ sá, á lọ lúgọ sábẹ́ koríko láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, ajá tó mọṣẹ́ kò lẹ́gbẹ́. Ní ti ọ̀yà, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bó bá pupa tó sì ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bà, ẹran náà kò ní jìnnà. Bó bá dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́, ìfun ni. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí bí ẹ bá lé e, á tún sá síwájú.

Ewu ajá ni tàkúté, paramọ́lẹ̀ àti eyín ọ̀yà. Lóru, ọdẹ mìíràn lè ṣì í yìn, nítorí náà ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn.

Fún ẹyẹ lọ́sàn-án nínú eèsún gíga, ajá ni èmi yóò mú. Lóru, tàbí nínú oko kòkó tí ewé gbígbẹ ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ hàn, ẹ tọ ẹ̀jẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ewé sójú ibi tí ẹran náà wà nígbà tí ẹ yìn ín.